Irun àwọn obìnrin Rye Lane, nínú kámẹ́rà mi

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo ènìyàn ló ní kí n sinmi. Mo sinmi títí ó fi sú mi. Ọmọ mi obìnrin ló gbé kámẹ́rà kan tó ti pa tì fún mi. Ni mo bá ń wọ bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ àwọn àgbàlagbà lọ sí òpópónà Rye Lane, ní Peckham.

Àwòrán irun ni mo ń yà. Ṣùkú, kọ̀lẹ́sẹ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo èyí tí ìyá mi dì fún mi ní kékeré, àwọn onídìrí ibẹ̀ ṣì ń dì í. Iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tó di olóògbé ní 2014, ló là mí lójú. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní dúdú àti funfun, ẹ̀yìn orí ló sì sábà máa ń yà nígbà ayé rẹ̀.

Kámẹ́rà kò mọ awọ wa o! Ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n, ó sì fẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bí eérú. Bí obìnrin dúdú bá wọ léèsì funfun, tó dúró ti ògiri funfun, kámẹ́rà á dín ìmọ́lẹ̀ kù: léèsì á ṣú, ojú á sì sọnù sínú òkùnkùn. Mo máa ń yí bọ́tìnnì tó ń fi kún ìmọ́lẹ̀ àwòrán sókè sí +1 kí ojú lè yọ. Láàárín oṣù Kejìlá, tí oòrùn ti ń wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin, màá bẹ onídìrí kó sún àga sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn tí wọ́n ń dirun fún á ní, "Mọ́mì, ẹ má ya ojú mi o." Màá ya ẹ̀yìn orí, màá tẹ̀ ẹ́ jáde, màá sì mú un wá fún wọn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń wo ojú ènìyàn láti mọ ibi tó ń dùn ún. Ṣé ètè ti ń ṣú? Ṣé ẹyinjú ti pọ́n? Ẹwà wà níbẹ̀ nígbà náà, n kò ráyè rí i. Nísinsìnyí, mo lè dúró ti ipa irun kan ṣoṣo títí tí ẹni tó ni ín á fi bi mí pé kí ni mo rí.

Irun kíkó ló kù. Ojeikere ya àwòrán irun kíkó kan tí wọ́n ń pè ní onílé gogoro ní 1975 tí mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó ń fi òwú kó o ní Peckham. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹ bá mọ ìyá kan tó ṣì mọ̀ ọ́n kó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ilé rẹ̀ fún mi.