Ọdún Mẹ́rin Tí Hakeem Ọlájùwọ́n Lò ní Yunifásítì Houston

Ọ̀rọ̀ Hakeem Ọlájùwọ́n ni ó gbà mí lọ́kàn láti àárọ̀ òní. Ní alẹ́ àná ni mo tún wo àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ti ọdún 1983, níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fìdí rẹmi, mo sì rí i pé bí a bá ń fi ọmọ Èkó yìí yangàn, ife ẹ̀yẹ méjèèjì tí ó gbà ní NBA, líìgì àwọn tí ó ń fi eré náà ṣe iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni a máa ń kà sílẹ̀. A kì í sábà mẹ́nu ba ọdún mẹ́rin tí ó lò ní Yunifásítì Houston, bẹ́ẹ̀ mo gbà tọkàntọkàn pé inú ọdún mẹ́rin wọ̀nyẹn ni gbogbo ohun tí ó dé lẹ́yìn náà ti hù jáde.

Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 21, oṣù Kìíní, ọdún 1963, òwò sìmẹ́ǹtì ni àwọn òbí rẹ̀ sì ń ṣe. Aṣọ́lé ni nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì tún ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ní Muslim Teachers College. Ó ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó sì dé Houston ní ọdún 1980, àwọn tí ó bá níbẹ̀ ti ń gbá a tipẹ́tipẹ́. Ọdún kìíní kọjá láìjẹ́ pé ó kópa nínú ìdíje kankan, nítorí pé NCAA, àjọ tí ó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì ibẹ̀, kò fún un ní àṣẹ. Ní sáà 1981 sí 1982 tí ó wá ráyè gbá, orí ìjókòó àwọn arọ́pò ni ó ti sábà máa ń dìde wọlé, àmì 8.3 ni ó sì ń kó nínú ìdíje kan ní ìpíndọ́gba. Ẹni tí ó bá wò ó ní sáà yẹn yóò rí ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí ó lágbára. N kò rò pé yóò rí ẹni tí a óò máa fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn sáà náà ni ó wú mi lórí jù lọ. Ó bi àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ léèrè ohun tí òun lè ṣe kí wọ́n lè máa jẹ́ kí òun pẹ́ lórí pápá, wọ́n sì ní kí ó lọ máa bá Moses Malone ṣe ìgbáradì. Malone, tí ó ń gbá fún Houston Rockets nígbà náà, tí ó sì ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù lọ ní NBA, a máa lọ sí Fonde Recreation Center ní ìgbà ooru láti gbá bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni ọmọ Èkó yìí ti ń ko àgbà ọ̀jẹ̀ lójú, tí wọ́n jọ ń fi èjìká ti ara wọn lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, títí ó fi mọ bí wọ́n ṣe ń gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ fi sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè fi Malone fúnra rẹ̀ ta kò mí, nítorí pé kò lọ sí yunifásítì rárá; láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ Utah Stars ti líìgì ABA ní ọdún 1974. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí eré náà ti gbilẹ̀ ni a bí Malone sí. Ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ nílò ibi tí yóò ti máa ṣe àṣìṣe, kí ó máa tún un ṣe, láìjẹ́ pé iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn rọ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ sì ni yunifásítì jẹ́ fún Ọlájùwọ́n.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ènìyàn máa wò. Yóò kọ ẹ̀yìn sí apẹ̀rẹ̀, yóò gba bọ́ọ̀lù, yóò mi èjìká sí ọ̀tún bí ẹni pé ọ̀nà ibẹ̀ ni ó fẹ́ gbà, alátakò yóò sì fò láti dí i lọ́wọ́. Kí ẹsẹ̀ onítọ̀hún tó padà kanlẹ̀, Ọlájùwọ́n á ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan yí sí òsì, bọ́ọ̀lù á sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́. Dream Shake ni wọ́n ń pe ìgbésẹ̀ yìí. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìyára, ìgbáradì pẹ̀lú Malone sì kọ́ ara rẹ̀ bí ó ṣe lè dúró nígbà tí wọ́n bá ń tì í.

Kí n padà sórí àṣekágbá náà. Ìlú Albuquerque ni wọ́n ti gbá a ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹrin, ọdún 1983. Phi Slama Jama ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ Houston, nítorí bí Clyde Drexler, Ọlájùwọ́n àti àwọn yòókù wọn ṣe ń fò sókè tí wọ́n ń ki bọ́ọ̀lù bọ apẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń rò pé North Carolina State, tí wọ́n ti nà ní ìgbà 10 ní sáà yẹn, lè borí wọn. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, àmì jẹ́ 52 sí 52. Benny Anders ti Houston na ọwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ọ̀lù gbà, Dereck Whittenburg ti North Carolina State tún un mú, ó sì jù ú láti ọ̀nà jíjìn. Bọ́ọ̀lù náà kò dé apẹ̀rẹ̀. Lorenzo Charles, tí àwọn méjèèjì jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, gbé e nínú afẹ́fẹ́, ó ki bọ́ọ̀lù náà bọ apẹ̀rẹ̀, eré parí sí 54 sí 52. Ọlájùwọ́n ti kó àmì 20, ó sì ti mú bọ́ọ̀lù tí ó ta padà ní ìgbà 18. Òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù lọ nínú ìdíje náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ tí ó pàdánù ni ó wà. Ní ọdún tí ó ṣáájú, Yunifásítì North Carolina, ẹgbẹ́ mìíràn tí Michael Jordan wà nínú rẹ̀, ti dá wọn dúró ní ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá. Ní ọdún 1984, Georgetown tí Patrick Ewing ń gbá fún borí wọn nínú àṣekágbá, 84 sí 75.

Ó ṣì ní àǹfààní ọdún kan sí i, ṣùgbọ́n ó yàn láti di agbábọ́ọ̀lù NBA ní ọdún yẹn. Owó ẹyọ tí wọ́n jù sókè ni wọ́n fi ń pinnu ẹgbẹ́ tí yóò kọ́kọ́ yan agbábọ́ọ̀lù tuntun nígbà náà. Rockets borí Portland nínú rẹ̀, wọ́n sì mú Ọlájùwọ́n, nítorí náà kò kúrò nínú ìlú tí ó ti kọ́ eré. Portland mú Sam Bowie, Chicago mú Jordan ṣe ẹnìkẹta. Títí dòní ni wọ́n ń bá Portland wí nítorí Jordan, síbẹ̀ n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bá Rockets wí, èyí sì ju ọ̀pọ̀ oríyìn lọ.

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò dùn títí. Ní ọdún 1986 ó dé àṣekágbá NBA, Boston Celtics sì borí wọn. Ọdún mẹ́jọ kọjá kí ó tó tún débẹ̀. Ní ọdún 1994, Ewing yìí kan náà ni ó bá níbẹ̀, pẹ̀lú New York Knicks. Ìdíje méje ni wọ́n lè gbá nínú àṣekágbá NBA, ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ borí nínú mẹ́rin ni yóò sì gba ife. Nínú ìdíje kẹfà, Rockets fi àmì méjì ṣíwájú, 86 sí 84, John Starks sì ju bọ́ọ̀lù tí ìbá fún Knicks ní ife ẹ̀yẹ. Orí ìka Ọlájùwọ́n ni ó kàn án lójú afẹ́fẹ́. Rockets borí nínú ìdíje keje. Ní sáà kan ṣoṣo yẹn, ó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù lọ, ti ẹni tí ó mọ ẹ̀yìn dí jù lọ, àti ti ẹni tí ó tayọ jù lọ nínú àṣekágbá. Kò sí ẹlòmíràn tí ó tíì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní sáà kan. Ní oṣù Kejì ọdún 1995, Drexler, alábàárìn rẹ̀ ní yunifásítì, wá bá a ní Rockets, wọ́n sì jọ na Orlando Magic ti Shaquille O'Neal ní 4 sí òdo nínú àṣekágbá ọdún náà. Nígbà tí ó fi eré sílẹ̀ ní ọdún 2002, ó ti gbá bọ́ọ̀lù dànù lọ́wọ́ alátakò ní ìgbà 3,830, kò sì sí ẹni tí ó tíì kọjá iye yẹn ní NBA.

Láti ọdún 2006 ni òfin NBA ti ń béèrè pé kí agbábọ́ọ̀lù pé ọmọ ọdún 19, ó kéré tán, láàrin ọdún tí wọ́n bá yàn án, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ní ẹ̀bùn sì ń lo ọdún kan ṣoṣo ní yunifásítì kí wọ́n tó lọ. N kò bá wọn wí, nítorí ìpalára lè gba owó tí wọn ìbá rí ní NBA lọ́wọ́ wọn lójijì. Síbẹ̀ mo ń ronú nípa àwọn mẹ́ta kan tí wọ́n bọ́ sí NBA láti ilé ẹ̀kọ́ girama tààrà: Kobe Bryant, Dwight Howard àti LeBron James. Láàrin ọdún 2009 sí 2011, nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, olúkúlùkù wọn lọ bá Ọlájùwọ́n ní Houston kí ó lè kọ́ wọn ní ìlò ẹsẹ̀.