Ìràwọ̀ tí Judith Leyster Fi Sí Iṣẹ́ Rẹ̀

Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa, lókè tábìlì tí mo ti ń po ọ̀dà, ni àwòrán obìnrin kan wà tí mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ sórí pépà ńlá ní Wuse. Kò sí oníbàárà tó wọlé tí kì í kọ́kọ́ wò ó, nítorí pé ojú obìnrin náà ló máa ń pàdé ẹni tó bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó nídìí iṣẹ́, ó yíjú padà, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún lé ara àga, ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ pé, “Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó, mò ń bọ̀.” Judith Leyster ni orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ya ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1630, ní ìlú Haarlem lórílẹ̀-èdè Netherlands, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 21. Ojúlówó àwòrán náà wà ní National Gallery of Art ní Washington lónìí.

Ẹni tó bá ń fi ọ̀dà jẹun yóò tètè rí i pé ohun tó wọ̀ kì í ṣe aṣọ iṣẹ́. Kọ́là funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ, léèsì ni wọ́n fi gbá a létí, ó sì gan dé èjìká. Bí èèyàn bá fi irú rẹ̀ kun àwòrán fún wákàtí kan péré, ọ̀dà á ti bà á jẹ́. Èmi, ẹ̀wù ọkọ mi tó ti gbó ni mo máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Leyster mọ̀ọ́mọ̀ múra ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń wé gèlè tí wọ́n bá ń lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Síbẹ̀, kò gbé irinṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ nítorí aṣọ ńlá. Búrọ́ọ̀ṣì kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó dì mọ́ pátákó ọ̀dà lọ́wọ́ òsì sì ń lọ sí 18. Ẹni tó bá wo ọwọ́ ọ̀tún yẹn dáadáa yóò rí i pé kò fara balẹ̀ to ìka kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ. Ó fi ọ̀dà fà á kíákíá, bí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ tí ẹnì kan dá dúró. Mo ti gbìyànjú láti ṣe irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀.

Lórí kánfáàsì tó wà níwájú rẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ búlúù ń rẹ́rìn-ín, ó ń ta fayolíìnì, ìbátan gòjé tí àwọn ará Àríwá ń ta. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe fi hàn pé ojú obìnrin kan ló kọ́kọ́ yà síbẹ̀ kó tó fi ọkùnrin yìí bò ó, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú òun fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo rí nínú àyípadà yẹn. Àwòrán àwọn tó ń ṣe fàájì, tó ń kọrin, tó ń mutí, ló mọ̀ ọ́n yà jù, nítorí náà ó gbé ọ̀kan síta, bí aránṣọ ṣe máa ń gbé aṣọ tó rán dáadáa kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ilé ayàwòrán kọ́ ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń pọn bíà, Leyster sì ni orúkọ ibi tó ti ń pọn ọn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìràwọ̀ tó ń tọ́ èèyàn sọ́nà. Ilé onílù ń fi Àyàn sọmọ lórúkọ, ilé oníṣọ̀nà ń fi Ọnà. Òun náà mú orúkọ ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó sì ń kọ J àti L papọ̀ sí igun àwòrán, pẹ̀lú ìràwọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ní 1633, ẹgbẹ́ St. Luke, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ní Haarlem, gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ẹni tó bá ti ṣe fìríìdọ̀mù rí yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ó lè dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó lè gba ọmọ iṣẹ́. Ní 1635, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ tó dé, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ Frans Hals, ayàwòrán tó lórúkọ jù ní ìlú náà. Leyster kò dákẹ́. Ó gbé ẹjọ́ lọ síwájú ẹgbẹ́, ó béèrè guilder 8, owó Netherlands ayé ìgbà yẹn, lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà, ó sì gba 4. Hals náà san owó ìtanràn. Wọ́n bu owó ìtanràn fún Leyster náà, torí kò forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ Jan Miense Molenaer, ayàwòrán bíi tirẹ̀, wọ́n kó lọ sí Amsterdam, ó bí ọmọ márùn-ún, àwòrán tirẹ̀ sì di ọ̀wọ́n. Ó kú ní 1660. Nígbà tí wọ́n ń ka ẹrù tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ní 1668, “ìyàwó olóògbé” ni wọ́n pe ẹni tó ya díẹ̀ nínú àwọn àwòrán inú ilé náà. Láti ìgbà yẹn lọ, iṣẹ́ rẹ̀ di iṣẹ́ Hals tàbí ti Molenaer lẹ́nu àwọn olówò àwòrán; àwòrán ara rẹ̀ yìí pàápàá, Hals ni wọ́n kà á sí fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 1893 ni Cornelis Hofstede de Groot, ẹni tó ń ṣèwádìí nípa àwòrán, rí J, L àti ìràwọ̀ lára àwòrán tọkọtaya aláyọ̀ kan tí wọ́n ti tà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ Hals. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé ẹjọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ìjà owó ni. Àwọn tó rà á ń bínú pé Hals ni àwọn sanwó fún.

Ní adúgbò mi, Màmá Tolú ni gbogbo èèyàn ń pè mí, mo sì ń fi ayọ̀ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, agbaṣẹ́ṣe kan pè mí láti kun ògiri ilé ìtura kan nínú Abuja. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ya àwọn ẹlẹ́ṣin Dọ́bà síbẹ̀, ẹṣin mọ́kànlá, pẹ̀lú gbogbo wáyà àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn. Nígbà tí mo padà lọ fi iṣẹ́ náà han ẹnì kan, ọ̀dà ti bo orúkọ mi ní igun ìsàlẹ̀, orúkọ agbaṣẹ́ṣe ló wà lórí rẹ̀. N kò lè sọ̀rọ̀. Mo kàn dúró síbẹ̀, mò ń fi èékánná họ ọ̀dà náà, títí ẹ̀ṣọ́ fi ní kí n máa lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jẹ́ ọmọ Gbagyi láti Kwali, ìlú Ladi Kwali, amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà, tó máa ń tẹ L àti K sára ìkòkò rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Suleja. Ìyá-ìyá ọmọ yìí náà ń mọ ìkòkò. Lóṣù tó kọjá, ó ta àwòrán àkọ́kọ́ tó dá yà, ó sì fẹ́ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sí i. Mo ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fún un ní búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù, ó kọ orúkọ tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo obìnrin ara ògiri, ó sì tún fi ọ̀dà pupa ya ìkòkò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà.