Ta Ni Ń Kọrin Yìí?

Bí wọ́n bá ta kánópì sí òpópónà kan ní Sùúrùlérè lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ sì dúró sí ìkángun títì níbi tí ojú yín kò ti tó olórin, iṣẹ́ ńlá ni kí ẹ tó mọ ẹgbẹ́ tó wà lóde. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n lù. Gìtá ń dún, kíbọ́ọ̀dù ń dún, gángan ń ki àwọn tó ń náwó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ olórin yìí kúrò, tí wọ́n fi ẹlòmíràn sí i láàárín orin, ẹnikẹ́ni ò ní fura. Ó ń dun àwa tí a fẹ́ràn jùjú gan-an.

Kò sẹ́ni tó lè ṣi Túndé Nightingale pè nígbà ayé rẹ̀. Ohùn tín-ín-rín, tó ga bíi ti ẹyẹ tí wọ́n fi ń pè é, tí kì í sì í kánjú. I.K. Dáìró ní àkọ́díọ̀nù. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá fẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ ti mọ̀. Ebenezer Obey a máa to òwe lé ìlù jẹ́jẹ́, ó pè é ní Mílíkì. King Sunny Adé gba ibòmíràn lọ: ó kó gìtá jọ kí wọ́n máa dá ara wọn lóhùn, kálukú ń ta ìwọ̀nba okùn tirẹ̀, kò sí èyí tó dá gbé orin. Shina Peters dé pẹ̀lú Afro-Juju ní 1989, ó mú un yára, ó da ìlù fújì pọ̀ mọ́ ọn. Jùjú ni gbogbo rẹ̀, èyí tí Túndé King ń lù ní Olówógbówó, ní Erékùṣù Èkó, láyé àwọn ọdún 1930.

Orin kọ́ńtírì ti Amẹ́ríkà náà ń ṣe irú àìsàn yìí, kí gbogbo olórin máa dún bákan náà. Àwọn àgbà Èkó mọ Jim Reeves àti Don Williams dáadáa. Johnny Cash ò ní onílù níbẹ̀rẹ̀, ló bá ká bébà há abẹ́ okùn gìtá rẹ̀ kó lè máa dún bí ìlù. Àìní ló bí àrà yẹn. Willie Nelson ní tirẹ̀ a máa jẹ́ kí ìlù ṣíwájú díẹ̀ kó tó lé e bá. Lónìí ní Nashville, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe orin kọ́ńtírì, ẹni mẹ́ta mẹ́rin ló ń jókòó kọ orin kan, àwọn onígìtá kan náà ló ń lù fún ọ̀pọ̀ olórin, ẹ̀rọ kan náà ló sì ń tọ́ ohùn wọn. Kì í ṣe yíyá nǹkan lò ló fà á o. Gìtá onípẹ́dà tí kọ́ńtírì fi ń sunkún, olókùn mẹ́wàá, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ àti orúnkún yí ohùn rẹ̀, Démọ́lá Adépòjù gbé e wọ inú ẹgbẹ́ Sunny Adé, kò sì jọ ti Nashville rárá.

Bí ẹ bá ń wá ohun tó mú kí ẹgbẹ́ jùjú máa dún bákan náà, kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí atẹkíbọ́ọ̀dù bá ti tẹ bọ́tìnnì STYLE, báàsì àti dúrọ́ọ̀mù tó wà nínú gbogbo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ káàkiri Èkó ni yóò jáde. Ẹ̀rọ náà tún ní TRANSPOSE, tó ń gbé ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀, kí atẹkíbọ́ọ̀dù lè máa fi ìka sí ojú kan náà fún gbogbo orin. Ọwọ́ kan náà, àṣà ìka kan náà, olórin yòówù kó wà níwájú.

Ti gángan àti ìyá ìlù ló burú jù, nítorí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ni. Tí wọ́n bá fi máíkì kan gba ìlù mẹ́ta, wọ́n á dà pọ̀. Ẹni tó wà nídìí mísà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ohùn pọ̀, á wá gé ohùn ìsàlẹ̀ ìyá ìlù kó má bàa bá báàsì jà, bẹ́ẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ni dò. Láìsí dò, ọkọ̀ ò yàtọ̀ sí ọkọ mọ́ létí ẹni tó ń gbọ́ ìlù. Nígbà tí oríkì ò bá ti já geere, onílù á fi í sílẹ̀, á gbá ìlù lásán. Máíkì kan fún ìlù kan, kí ẹ gbé e súnmọ́ ojú tí kọ̀ǹgọ́ ń bà, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí i. Kí báàsì ló rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe ìyá ìlù.

Ní sítúdíò, Auto-Tune, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́ ohùn olórin, tó ti wà láti 1997, ló ń sọ gbogbo ohùn di ọ̀kan náà. Retune Speed rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń yára tọ́ ohùn tó, bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 400. Ní 0, ó ń gbá ohùn mọ́ ojú kan lójú ẹsẹ̀, ibi tí ohùn Yorùbá ti ń yọ̀ láti òkè bọ́ sí ìsàlẹ̀ á wá di àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ gan-an ni Nightingale fi ń ṣe orin. Ẹ má fi sísàlẹ̀ 100, kí ẹ sì jẹ́ kó kan ọ̀rọ̀ tó yà nìkan, kì í ṣe gbogbo orin.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ní àrà tirẹ̀, kí olórin kọ orin mẹ́ta láìsí ohun èlò kankan. Ẹ wo ibi tí ohùn rẹ̀ ti dùn jù, ibẹ̀ ni kí ẹ yí okùn gìtá sí, tàbí kí ẹ fi kápò, ohun tí wọ́n fi ń há okùn mọ́ ọrùn gìtá kí ohùn rẹ̀ lè ga, bọ̀ ọ́. Ẹ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ gìtá kan tó gùn tó ìgbésẹ̀ mẹ́jọ, tí kò sí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ máa fi í ṣí gbogbo òde. Kí onílù kan náà máa wá sí ìdánrawò, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n pè lálẹ́ Fúráìdé fún òde Sátidé, oríkì tó fi sin ẹgbẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló máa gbé wá. Owó ìdánrawò rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀ nínú owó òde, kí ẹ tó pín ìyókù.