Òkè Ìdànrè: gígùn kọ́ ló ń ro yín lẹ́sẹ̀, sísọ̀kalẹ̀ ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun Òkè Ìdànrè rí, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gùn ún gan-an, kò sí wàhálà kan o, ẹ kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ ni, ẹ jókòó, ẹ mu piọ́ wọ́tà, ẹ ya fọ́tò, ẹ délé ẹ sùn fọnfọn. Ọjọ́ kejì ni iná ẹ̀ ń ràn, ọjọ́ kẹta ló tún máa ń le jù fún ẹlòmíì, àti jókòó sórí tọ́ílẹ́ẹ̀tì á wá di iṣẹ́ ńlá, ṣe lèèyàn á di ògiri mú.

Wọ́n á ní lactic acid, ìyẹn èròjà kan tí iṣan máa ń mú jáde téèyàn bá ń ṣe iṣẹ́ agbára, ló há sínú iṣan, kódà àwọn kóòṣì jíìmù ń sọ ọ́. Irọ́ ni jàre. Nǹkan yẹn ò ju bíi wákàtí kan lọ téèyàn bá ti sinmi, ó ti kúrò lára, báwo ló ṣe wá fẹ́ máa dùn yín lọ́jọ́ kẹta? Láti 1902 ni ọ̀gbẹ́ni kan ní Amẹ́ríkà, Theodore Hough, ti sọ pé ìrora tó ń pẹ́ dé yìí yàtọ̀ sí kó kàn rẹ èèyàn, ó ní ó jọ pé nǹkan ló ya nínú iṣan.

Àtẹ̀gùn Ìdànrè ju 600 lọ. Tẹ́ ẹ bá ń gùn ún, iṣan iwájú itan yín ń súnkì, òun ló ń tì yín sókè. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan yẹn náà ló ń dá yín dúró kẹ́ ẹ má baà ṣubú, ó fẹ́ súnkì, ẹrù ara yín sì ń fà á gùn, ibẹ̀ ni fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín inú ẹ̀ ti ń ya. Ara á wá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, ibẹ̀ á wú díẹ̀, ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án dáadáa ẹ ti ń ké yéè. Àtúnṣe yẹn kì í yá, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tó wákàtí 24 sí 72 kí ìrora tó le dójú ẹ̀.

Robb àti Aboniki á gbóná lójú awọ, á sì tù yín díẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ má fi pa á, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń tún iṣan ṣe. Ẹ rọra máa rìn káàkiri, ó sàn ju kẹ́ ẹ sùn gbalaja lọ. Tí ìtọ̀ bá wá dúdú bíi kóòkì, ìyẹn ti kúrò ní eré, ọsibítù ni o, lójú ẹsẹ̀.

Ara sì máa ń rántí sha, èyí tẹ́ ẹ bá ṣe láìpẹ́ sí ti àkọ́kọ́ kì í ro yín tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ lọ́dún Àjíǹde, tí àtẹ̀gùn bá wà nílé yín, ẹ ti máa sọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ sinmi sí i láàárín.