Samuel Coleridge-Taylor, Ọmọ Sàró tí Ó Kọ Orin Yorùbá Sínú Ìwé Dùùrù

Láràárọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Croydon, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní West Croydon. Ibùdó yẹn gan-an ni Samuel Coleridge-Taylor, akọrinsílẹ̀ àti adarí orin, ti ṣubú lulẹ̀ lọ́dún 1912, tí òtútù àyà sì pa á láìpẹ́ lẹ́yìn náà ní ọmọ ọdún 37. Èmi tí mo ti ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kí n tó dé ìlú yìí.

Dókítà ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀, ó sì ti padà sí Áfíríkà kí ìyá rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó bí i ní 1875. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ó wọ Royal College of Music, ilé ẹ̀kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí yóò fi di 1898, Edward Elgar, akọrinsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí, fúnra rẹ̀ ti ń polówó rẹ̀ fún àwọn tí ń ṣètò àjọ̀dún orin ní Gloucester. Ọdún yẹn náà ni Hiawatha's Wedding Feast, orin ńlá tí ó kọ fún ẹgbẹ́ akọrin, jáde, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n gínì 15 (owó Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́) péré ló ti gbà lórí rẹ̀, tí gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. (Ẹ wo irú òwò bẹ́ẹ̀!) Ìdí nìyẹn tí ó fi ń kọ́ni, tí ó ń darí ẹgbẹ́ akọrin kan sí òmíràn, tí kò sì sinmi títí ó fi kú. Ọba George Karùn-ún ló wá ń fún opó rẹ̀ ní £100 lọ́dọọdún.

Lójú tèmi, ìwé dùùrù rẹ̀ ti 1905, Twenty-Four Negro Melodies, ló ju Hiawatha lọ. Orin keje inú rẹ̀, Oloba, orin Yorùbá ni, ọwọ́ Victoria Randle ará Èkó, ọmọ Sarah Forbes Bonetta (ọmọbìnrin Yorùbá tí Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́), ló sì ti rí i gbà. Coleridge-Taylor kọ́kọ́ tẹ ohùn orin náà sókè ojú ìwé ní ìhòòhò, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún un, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n tirẹ̀ tú u palẹ̀, débi pé ẹni tí ń tẹ dùùrù yóò rí ibi tí orin ti wá. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa, kí ó ní kí olùkọ́ rẹ̀ ṣí orin keje yẹn fún un.