Lékèélékèé lórí bọ́ọ̀nù

Ṣábẹ̀, Ọjọ́bọ, ọjọ́ 15 oṣù kìíní

Màjàlà ṣì wà nínú irun mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Bọ́lá ní kí n fi ìyókù sílẹ̀ di ọ̀la, pé omi kànga ilé yìí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, òótọ́ ló sì sọ.

Ọjọ́ kẹfà rèé tí a ti fi Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin) sílẹ̀. A gba Pobè, a sun oorun ọjọ́ méjì ní Kétu, a yà gba Bohicon, a sùn ní Ìdáàṣà, a sì wọ Ṣábẹ̀ níjẹta. Ọ̀dọ̀ àbúrò Ìyá Bọ́lá ni a dé sí, nítorí ọmọ Ṣábẹ̀ ni ìyàwó mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjàṣẹ́ ló ti bí gbogbo ọmọ wa.

Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo fi ọdún 34 ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ títí dé ìhín, kò sí ìlú ńlá kan tí n kò tíì nà okùn sí. Tẹódólíìtì, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn igun ilẹ̀, lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ìwé àkọsílẹ̀ lábẹ́ abíyá, àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń fi àdá lànà níwájú. Nígbà tí Bọ́lá fi kámẹ́rà àlòkù kan ránṣẹ́ sí mi láti Faransé lọ́dún tó kọjá, tòun ti ojú rẹ̀ gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, ohun tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ lọ bá nínú páálí ni ẹsẹ̀ mẹ́ta náà. Mo nà án, mo gbé e kalẹ̀ nínú àgbàlá, mo wo omi inú gílásì kékeré ara rẹ̀ títí ó fi dúró ṣinṣin láàárín. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ojú mi ni kò mọ ohun tó yẹ kó wò.

Àwọn ọ̀rẹ́ ní tí ó bá jẹ́ pé ẹranko ni mò ń wá, kí n lọ sí Pendjari, ọgbà ẹranko tó wà ní àríwá, níbi tí erin àti kìnnìún wà. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí ọ̀nà òkè ọ̀hún ní àkókò yìí, Ìyá Bọ́lá sì ti kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n kódà bí ọ̀nà bá dára, n kò rò pé ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ. Ilẹ̀ tí mo ti fi ẹsẹ̀ mi rìn ni mo fẹ́ rí.

Ní Kétu, mo ti ṣe àṣìṣe tí kò ní kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. Ọ̀sán gangan ni mo lọ ya Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnu ibodè ìlú àtijọ́, èyí tí àwọn ọmọ Kétu kì í dárúkọ láìrántí ọdún 1886 tí ogun Dàhòmì fọ́ ìlú wọn. Oòrùn wà lórí wa tààrà. Ilẹ̀kùn tó gbé ìtàn bẹ́ẹ̀ dúró jáde bí páálí lásán. Mo padà lọ nírọ̀lẹ́ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, gbogbo ojú igi, gbogbo ibi tí ọwọ́ ti fà á, gbogbo rẹ̀ ló yọ síta. Ògiri kan náà, ilẹ̀kùn kan náà. Nínú iṣẹ́ tèmi, ìgbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere tí òjìji bá kúrú ni a fẹ́ràn jù, nítorí pé nọ́ńbà ni à ń wá. Òjìji ni mo wá ń wá báyìí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jí ní agogo mẹ́rin àbọ̀ òwúrọ̀ yìí. Àbúrò ìyàwó mi ti gbé ìgò sódábì kan, ọtí ògógóró ọ̀dọ̀ wa, lọ bá àwọn àgbà lánàá láti tọrọ àyè fún wa kí a tó gun òkè, wọ́n sì ti sọ apá ibi tí n kò gbọdọ̀ yà. N kò yà á. Nígbà ogun Dàhòmì, àárín àwọn òkúta wọ̀nyí ni àwọn baba ìyàwó mi sá sí. Kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń gbé kámẹ́rà wọ̀ bí ẹni wọ ọjà.

Ẹni tí kò bá tíì dé Ṣábẹ̀, kó fojú inú wò ó báyìí: ilẹ̀ tó tẹ́ lọ rẹrẹ, oko iṣu, oko kájú, kí òkúta ràbàtà-ràbàtà kàn yọrí láàárín rẹ̀, tó dán, tó rí roboto, láìsí igi púpọ̀ lára. Ọmọ àbúrò ìyàwó mi ló gbé tọ́ọ̀ṣì síwájú. Orúnkún mi kan ń dùn mí. Nígbà tí a dé ibi tó tẹ́jú, ọyẹ́ ti bo gbogbo ìsàlẹ̀, n kò rí ojú irin, n kò rí òrùlé kan ṣoṣo.

"Bàbá Àjàṣẹ́, ọyẹ́ ti ba iṣẹ́ yín jẹ́ lónìí," ni ọmọkùnrin náà wí.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Eruku Sàhárà ni ọyẹ́ gbé wá, ó sì ti fa aṣọ bo ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n nígbà tó di nǹkan bí agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oòrùn yọ, ó pupa bí epo, èèyàn lè wò ó lójú láì ṣẹ́jú. Àwọn òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó sún mọ́ wa dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e rí bí eérú, ẹ̀kẹta rí bí èéfín, èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá kò ju ojú ìlà kan lọ. Eruku tí mo ń bú ló ń fi bí ilẹ̀ ṣe jìnnà síra hàn mí. Mo ti fi ẹ̀rọ wọn ọ̀nà tó wà láàárín òkè méjì nínú wọn rí. Mo lè sọ iye mítà rẹ̀ nígbà náà. N kò rí i pé ó jìnnà.

Ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Oòrùn ilẹ̀ wa kì í fi ẹ̀gbẹ́ rìn, tààrà ló máa ń gùn lọ sókè, nítorí náà ìdajì wákàtí, bóyá díẹ̀ lé, ohun gbogbo ti parí. Mo ya 19. Mo fún ojú kámẹ́rà náà pọ̀ dé ìwọ̀n f/11 kí iwájú àti ẹ̀yìn lè mú, mo sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́ rẹ̀. Alángbá kan olórí pupa jáde wá yá oòrùn lórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mi orí, ó ń na ara sókè sódò. Mo ya òun náà. Ó dára.

Ohun tí mo fẹ́ kọ gan-an ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án.

A ti jẹ iyán (iyán Ṣábẹ̀ ni ẹ jẹ́ kí n sọ, mi ò ní fi wé ti ibòmíràn), a ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn ìlú, nígbà tí Ìyá Bọ́lá fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Bàbá Bọ́lá, ẹ wo òkè."

Àwòdì ni. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe mẹ́wàá. Wọ́n ń yí po lókè èéfín kan tó ga sókè bí òpó. Iná ìgbẹ́ ni. Iná kì í jó oko kí màjàlà má ṣòfófó, ṣùgbọ́n àwòdì ti kọ́kọ́ sọ kí màjàlà tó dé ọ̀dọ̀ wa. A gbé ọkọ̀ kalẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wa, a sì fẹsẹ̀ rìn.

Àwọn ọlọ́dẹ mẹ́rin wà níbẹ̀ pẹ̀lú ajá. Mo kí wọn, "Àrìnpa o," wọ́n dáhùn. Àgbà inú wọn wo ẹ̀rọ ọrùn mi, ó ní, "Ẹ̀yin náà wá dọdẹ nìyẹn." Ọ̀yà ni wọ́n ń dúró dè ní ẹ̀gbẹ́ tí iná kò tíì dé. Mo bi í pé ta ló dá iná náà. Ó ní àwọn ni, pé àwọn olóko náà fẹ́ bẹ́ẹ̀.

N kò ní purọ́, inú mi bàjẹ́. Iná tí wọ́n bá dá ní oṣù kọkànlá, nígbà tí koríko ṣì ní omi díẹ̀ lára, kì í gbóná púpọ̀, igi a máa yè é. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ṣe ń pẹ́ sí i ni iná ń le sí i. Mo rí àwọn igi emi kéékèèké tí ewé wọn ká kò láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo sọ ọ́ fún àgbà náà, wẹ́rẹ́, bí àlejò ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní iná tí wọn kò bá fúnra wọn dá nísinsìnyí, darandaran tàbí ẹlòmíràn yóò dá a lóṣù tó ń bọ̀, nígbà tí kò ní ṣeé pa mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, n kò sì ní èsì rẹ̀ lẹ́nu.

Lókè, àwòdì ń já wálẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Mo wò wọ́n tó wákàtí kan. Tata àti ìrẹ̀ tó ń sá fún iná ni wọ́n ń mú. Àwòdì a wọ inú èéfín, a fi ẹsẹ̀ gbé tata lófuurufú, a tẹ orí ba, a jẹ ẹ́ láì dúró. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹyẹ kan tí awọ rẹ̀ rí bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ, tí ìyẹ́ ìdí rẹ̀ méjì gùn bí okùn, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè ní Coracias abyssinicus, dúró lórí ẹ̀ka gbígbẹ, ó ń fò jáde, ó ń padà sórí ẹ̀ka kan náà. Mo sún ìyára kámẹ́rà sí ìdá 1/1600 ìṣẹ́jú àáyá, mo sún ISO, ìwọ̀n bí ó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 800, mo sì tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ìyẹ́ apá tó ti jáde kúrò nínú àwòrán. Ọ̀kan mú: àwòdì, tata lẹ́sẹ̀ rẹ̀, iná lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Bọ́lá kò sọ nǹkan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Igún dà?"

Nígbà èwe rẹ̀, ó ní, igún ló kún ibi tí àwọn alápatà ti ń pa màlúù, débi pé àwọn ọmọdé ń jù wọ́n ní òkúta. Láti ìgbà tí a ti jáde nílé, a kò tíì rí ẹyọ kan. Igún ọjà wa yìí gan-an wà lára àwọn ẹyẹ tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, kà mọ́ àwọn tó wà létí ìparun pátápátá. Májèlé pa nínú wọn, wọ́n sì ń mú wọn tà fún oògùn. Èmi náà rí orí igún lórí àtẹ l'Ájàṣẹ́ láìmọye ìgbà, mo sì kọjá lọ bí ẹni rí àlùbọ́sà. Ìbéèrè rẹ̀ ń dùn mí títí di báyìí.

Nígbà tí iná kọjá, tí ilẹ̀ dúdú kirimu tó ń rú èéfín, àwọn lékèélékèé dé. Wọ́n ń rìn lórí eérú gbígbóná, wọ́n ń ṣa òkú kòkòrò. Ọ̀kan nínú wọn fò sókè bà lé ohun kan tó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Mo fa á mọ́ra nínú kámẹ́rà. Òpó kọnkéré kékeré ni. Bọ́ọ̀nù ni, èyí tí àwa awọnlẹ̀ ń rì mọ́ igun ilẹ̀. Koríko ti bò ó, iná sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u síta ni.

Ní 1997, èmi àti ẹgbẹ́ mi pín ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yìí. Igbó díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ nígbà náà, àwọn ọmọkùnrin mi ló fi àdá la ọ̀nà gba àárín rẹ̀ kọjá kí ojú ẹ̀rọ lè ríran. Mo kọ gbogbo igun sínú ìwé. N kò kọ igi kan, n kò kọ ẹyẹ kan. Kò sí ẹni tó ní kí n kọ ọ́, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ náà yẹ ní ṣíṣe, nítorí ìjà ilẹ̀ ti pa ènìyàn lójú mi. Síbẹ̀, ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀.

Àwòrán mẹ́rin tí mo kọ́kọ́ yà bàjẹ́. Kámẹ́rà a máa wá bí ohun gbogbo yóò ṣe bọ́ sí àárín, tí kò ní dúdú jù, tí kò ní funfun jù. Ilẹ̀ tó jó ló kún ojú rẹ̀, ó rò pé ilẹ̀ ti ń ṣú, ó bá fa ìmọ́lẹ̀ wọlé sí i, lékèélékèé wá di àlàfo funfun kan tí kò ní ìyẹ́, tí kò ní ojú. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo rẹ ìmọ́lẹ̀ náà sílẹ̀, ìwọ̀n kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹyẹ náà dúró dè mí. Mo ya méjì, ó fò.

Mo ti ń wo méjèèjì láti ìgbà tí a jẹun alẹ́ tán. Nínú èkejì, ìyẹ́ àyà rẹ̀ hàn fínnífínní, eérú lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òpó náà dúdú lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tí a kọ sí orí bọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, mo rí orí nọ́ńbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹyẹ bo ìyókù. Ìyá Bọ́lá ní kí n pa iná, pé ìwé àtijọ́ mi wà nílé l'Ájàṣẹ́, pé mo lè wò ó tí a bá padà.

Lọ́la, kí a tó kọrí sí odò Ọ̀pàrà, mo fẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan àti búrọ́ọ̀ṣì lọ síbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní òun yóò tẹ̀ lé wa, pé òun mọ ẹni tó ní oko náà.