Ẹ Kọ́ Ẹsẹ̀ Ní Ìdúró Kí Ẹ Tó Kọ́ Ọ Ní Eré

Ní 2022 ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa, Benin, bọ́ orúkọ Ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n di Guépards, orúkọ Faransé fún ẹranko bí ẹkùn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cheetah. Eré ni gbogbo ayé mọ ẹranko náà sí, ṣùgbọ́n eré nìkan kọ́ ló fi ń pẹran. Bí ẹtu bá yà lójijì, òun náà á dẹwọ́ eré, á yà tẹ̀lé e, èékánná rẹ̀ á sì di ilẹ̀ mú. Ẹ̀kọ́ tí agbábọ́ọ̀lù nílò gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn tí kò mọ ìdúró, wọ́n á tàn án lẹ́ẹ̀kan, á sì sáré kọjá bọ́ọ̀lù.

Ilẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ pupa Kétu máa ń le gan-an, òkúta wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ ló sì ń gbé ẹsẹ̀ yọ̀. Ẹ gbá a mọ́, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i kí eruku lè rọlẹ̀. Bàtà tí eyín abẹ́ rẹ̀ kúrú tó sì pọ̀ ni kí wọ́n wọ̀, torí eyín gígùn kì í wọ ilẹ̀ líle, ọrùn ẹsẹ̀ ló máa ń yẹ̀. Iyanrìn ìhà Àjàṣẹ́ dára fún agbára, àmọ́ ẹsẹ̀ ń rì nínú rẹ̀, kò lè kọ́ ìdúró dáadáa níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ara bá ti gbóná fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ to ìgò ike méjì tí ẹ bu iyanrìn sí, kí mítà 10 wà láàárín wọn. Kí ọmọ sáré ní ìdajì agbára rẹ̀, kó dúró pátápátá nídìí ìgò kejì. Ìṣísẹ̀ tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn niṣẹ́ wà: ibẹ̀ ni ìdí ti gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀, kí orúnkún tẹ̀. Ẹni tó bá dúró gbagidi lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, orúnkún rẹ̀ ló gbé gbogbo ẹrù náà. Ẹ dúró síwájú rẹ̀ kí ẹ máa wo orúnkún: ọ̀kánkán ìka ẹsẹ̀ ni kó kọjú sí. Bó bá ń wọ inú, ẹ dín eré kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pàápàá fún àwọn ọmọbìnrin, torí iṣan inú orúnkún máa ń tètè já lára wọn ju ti ọkùnrin lọ.

Bí ìdúró bá ti mọ́ra, ẹ ṣe ti lẹ́tà T. Mítà 10 síwájú, ìgò kan ní àárín, ọ̀kan ní mítà 5 lápá òsì, ọ̀kan ní mítà 5 lápá ọ̀tún. Ó sáré dé àárín, ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ sí òsì, ó fi ẹ̀gbẹ́ la gbogbo mítà 10 já sí ọ̀tún, ó padà sí àárín, ó fi ẹ̀yìn sáré wálé. Ojú kò gbọ́dọ̀ kúrò níwájú, ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ara wọn.

Àkàbà okùn tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ láti máa gbé ẹsẹ̀ sínú rẹ̀, tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn, ńkọ́? Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fún un, nígbà tí ara ń gbóná. Ojú ọmọ wà nílẹ̀, ó sì ti mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí kó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú eré gidi, ẹnikẹ́ni kì í sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn ti méjì-méjì: ìgò méjì, mítà 6 láàárín. Ọmọ kan ń yà sọ́tùn-ún sósì láàárín wọn bó ṣe wù ú, èkejì kọjú sí i, ó ń tẹ̀lé e fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 6. Ìbàdí ni kó máa wò, torí ẹsẹ̀ àti orí lè tanni.

Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí jẹ àwọn ọmọ níyà. Ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60 ni ìsinmi lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, ìgbà 10 sí 12 lápapọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wákàtí 48 wà láàárín. Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ló ń kọ́. Tí àkókò T bá bẹ̀rẹ̀ sí gùn sí i, tàbí tí orúnkún bá ń gbọ̀n, ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ wá gbé bọ́ọ̀lù sí i.